Ejò yín yé ẹyin? Bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀ nílé títí á fi pa

Ẹyin ejò kì í ṣe ẹyin adìẹ o, ẹ jẹ́ n yáa sọ ìyẹn sílẹ̀ ná, torí ohun tó ń pa ẹyin ejò jù lọ́dọ̀ àwa tá a ń sìn wọ́n nínú ilé ni ọwọ́ wa tí kì í gbélẹ̀. Adìẹ máa ń yí ẹyin ẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin adìẹ náà máa ń yí i lójoojúmọ́, ti ejò ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹyin ejò bá ti lo nǹkan bíi wákàtí 24 níta, ọmọ inú ẹ̀ á ti so mọ́ èèpo lápá òkè, ibẹ̀ ló sì máa wà, tẹ́ ẹ bá wá dojú ẹ̀ délẹ̀, ó lè kú síbẹ̀. Nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí mo máa sọ, ibi tí ẹyin wà lẹ máa tọ́jú, ẹyin gan-an fúnra ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ jàre.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ejò tẹ́ ẹ ní. Boa àti garter snake kì í yé ẹyin ní tiwọn, ọmọ ni wọ́n ń bí. Corn snake, king snake àti àwọn òjòlá bíi ball python ló ń yé. Tó bá jẹ́ abo nìkan lẹ ní, tí kò sí akọ nítòsí, tẹ́ ẹ kàn jí bá ẹyin, ẹ má tíì dà á nù, ó ṣeé ṣe kó má lọ́mọ nínú lóòótọ́ àmọ́ abo ejò lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó lò ó, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pàápàá a máa ń rí èyí tó bímọ láìrí akọ rí. Ẹ tan iná sí i wò ná, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹyin tó dé o. Tí ìdajì ara abo lápá ìsàlẹ̀ bá ti ń wú, tó kọ oúnjẹ, tó wá bọ́ awọ, ẹ yáa múra. Corn snake máa ń yé láàárín nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn tó bọ́ awọ yẹn, ball python máa ń tó nǹkan bí oṣù kan. Ẹ wá ike oníderí tó máa gbà á, ẹ gé ihò tó lè bá wọlé sí i lára, ẹ fi moss tútù (ewéko múlọ́múlọ́ tó ń fa omi mọ́ra) sínú ẹ̀, kó tutù, kó má kún fún omi. Bí kò bá rí irú ibẹ̀ yẹn, inú abọ́ omi ẹ̀ ló lè lọ yé e sí, omi á sì pa gbogbo ẹ̀. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yé, tó yé díẹ̀ tó dúró, tẹ́ ẹ rí i pé ó ṣì ń rún ara lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, tí ikùn ẹ̀ ṣì rí kókó kókó, dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tẹ ẹyin náà jáde.

Ẹ̀rọ tó máa pa ẹyin yẹn ò le. Kúlà àtijọ́ kan tó nípọn dáadáa, wáyà tàbí pèpéle oníná tó ń mú ooru wá, àti thermostat, ìyẹn nǹkan tó ń pa iná tí ooru bá ti tó, ó tán. Ẹni tó bá sọ fún yín pé thermostat ò pọn dandan, ẹ má dá a lóhùn, torí iná tí ò ní nǹkan tó ń dá a dúró á máa gbóná lọ ni títí á fi se ẹyin. Imú thermostat yẹn, ìyẹn orí wáyà ẹ̀ tó ń wọn ooru, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ẹyin gan-an, kó má lọ wà lókè kúlà níbi tí ooru ti yàtọ̀. Ẹ fi tẹmọ́mítà míì sí i kí ẹ lè mọ̀ bí ti àkọ́kọ́ bá ń parọ́, wọ́n máa ń parọ́ dáadáa. Kẹ́ ẹ sì tan gbogbo ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹyin tó dé, kẹ́ ẹ rí bó ṣe ń ṣe lóru àti lọ́sàn-án. Ẹ̀rọ ẹyin adìẹ náà ṣeé lò àmọ́ ẹ yọ nǹkan tó ń yí ẹyin nínú ẹ̀ kúrò.

Ball python, 31 sí 32 dígírì Celsius ni. Corn snake ò fẹ́ tó ìyẹn, 27 sí 29 ti tó o. Ẹ má gbàgbé pé ooru tó pọ̀ jù ló burú ju èyí tó kéré lọ, tó bá tutù díẹ̀, ó kàn máa pẹ́ kó tó pa ni, ṣùgbọ́n tí ti ball python bá ti kọjá 34, ọmọ lè jáde pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn tó wọ́, tàbí kó kú pátápátá. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ooru ló ń yan akọ tàbí abo bíi ti ọ̀nì àti ọ̀pọ̀ alábahun, rárá, ti ejò ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ má tìtorí abo gbé iná sókè.

Ike ẹyin wá ńkọ́? Ike oníderí tó mọ́lẹ̀ lójú, kẹ́ ẹ lè máa wo inú ẹ̀ láìṣí i. Vermiculite tàbí perlite, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ tó ń gba omi dúró, lẹ máa fi tẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n tó bá jẹ́ ni kẹ́ ẹ fi da omi, bó bá jẹ́ gíráàmù 200, omi gíráàmù 200. Tẹ́ ẹ bá bù ú sọ́wọ́ tẹ́ ẹ fún un, ó yẹ kó dì mọ́ra, kó má kán omi sílẹ̀. Ọgbọ́n míì wà tí mo fẹ́ràn jù, ẹ gbé páálí oníhò tó jẹ́ ike, irú èyí tí wọ́n ń lò fún gílóòbù àjà, lé orí omi, ẹyin á jókòó lórí ẹ̀, kò ní fara kan omi, ọ̀rinrin á sì máa gòkè bá a. Ọ̀rinrin yẹn gbọ́dọ̀ tó ìdá 90 nínú 100 sókè. Ihò kékeré méjì sí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tó fún afẹ́fẹ́.

Gbígbé ẹyin lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, sùúrù ni o. Corn snake máa ń fi tiẹ̀ sílẹ̀ lọ ni, ball python ní tiẹ̀ máa ń ká mọ́ ọn, ó ń sàba, ó sì lè bù yín jẹ bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ẹ fi aṣọ bo orí ẹ̀, kẹ́ ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀ láti ìrù. Kí ẹ tó gbé ẹyin kankan, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí òkè ẹ̀, kì í ṣe bírò, bó ṣe wà níbẹ̀ náà lẹ máa gbé e kalẹ̀ sínú ike. Ti òjòlá máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn, tó bá ti gan, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ já a, èèpo ni yóò ya. Ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe é, kẹ́ ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀, torí ejò máa ń ní salmonella, kòkòrò àrùn tó ń da inú èèyàn rú, lára.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, ẹ pa iná yàrá, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré, ẹ fi ẹnu ẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ẹyin láìgbé e. Èyí tó lọ́mọ máa ń mọ́ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ ó sì rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tàn káàkiri. Èyí tí kò lọ́mọ á mọ́ yẹ́lò lásán, tó bá kéré tó sì rọ̀ látìgbà tó ti jáde, òbu ni. Àmọ́ tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi í síbẹ̀, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa kánjú, ẹyin tó bá jẹrà á fúnra ẹ̀ sọ fún yín, á wọlé sínú, á yí àwọ̀ padà, á sì máa rùn. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ àwọn tó kù, ẹ má fà á yọ, ẹyin tó ń yè kì í sábà bá a jẹrà. Bí nǹkan funfun bá hù sára ẹyin tó dáa, ẹ fi òwú gbígbẹ nù ún kúrò, kẹ́ ẹ dín omi kù díẹ̀.

Látìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó láti ṣí ìdérí, ìṣẹ́jú kan kò pé, kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kẹ́ ẹ nu omi tó wà lára ìdérí, torí omi tó ń kán sórí ẹyin léraléra lè pa á. Tí ẹyin bá tẹ̀ wọnú lọ́sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹ bu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ike, kì í ṣe sórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn ló tẹ̀ wọnú, ẹ fọkàn balẹ̀, bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ wá máa da omi sí i.

Ball python máa ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ 55 sí 60 nínú ooru tí mo sọ yẹn, corn snake náà ò jìnnà síbẹ̀, ó lè lé díẹ̀. Ọmọ ejò ní eyín kékeré kan níwájú ẹnu tó fi ń la èèpo, á yọ imú síta, á wá jókòó síbẹ̀. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìwà hù! Ó lè lo ọjọ́ kan sí méjì nínú ẹyin lẹ́yìn tó ti là á, pupa ẹyin ló ń fà sínú ara ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fà á jáde, ìdodo ẹ̀ á ya, ẹ̀jẹ̀ á dà. Àwọn kan máa ń fi sísọ́ọ̀sì la ẹyin fún wọn, èmi ò fọwọ́ sí i, àyàfi tí gbogbo àwọn yòókù bá ti jáde tó sì ti lé lọ́jọ́ méjì tí ọ̀kan ò ṣe nǹkan kan, nígbà yẹn ẹ lè gé ihò kékeré lókè, níbi tí tọ́ọ̀ṣì ti fi hàn pé kò sí iṣan.

Tí wọ́n bá ti jáde fúnra wọn, ẹ kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ike tiẹ̀ pẹ̀lú tíṣù tútù nílẹ̀ àti omi díẹ̀. Wọn ò ní jẹun kí wọ́n tó bọ́ awọ àkọ́kọ́, ìyẹn máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn ìyẹn ẹ fún corn snake ní ọmọ eku tí kò tíì hu irun, ball python lè gbé èyí tó ti hu irun mì. Èyí tó bá kọ̀ ọ́, ẹ dúró ọjọ́ márùn-ún kẹ́ ẹ tó tún gbé e wá.

Ìyá wọn náà ńkọ́? Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti gba ẹyin lọ́wọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ara ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé ẹ̀, torí bó bá ṣì ń gbóòórùn ẹyin, á máa ká síbẹ̀ pé òun ń sàba ni, kò sì ní jẹun. Oúnjẹ kéékèèké ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún un, ó ti rù.