Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà fi kó tábìlì méjèèjì sójú ọ̀nà kan ṣoṣo l'Ákùúrẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. A fẹ́ gbé tábìlì méjì kalẹ̀ nígboro Àkúrẹ́, níbi tí nọ́ọ̀sì á ti máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fáwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. A dúró sí oríta kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, a ka àwọn tó kọjá, a sì ní kí kọ̀ǹpútà mú ibi méjì térò ti pọ̀ jù. Ọyẹ́mẹkùn àti Ọjà Ọba ló mú. Àwọn ará àdúgbò Ìjọ̀ka wá ńkọ́? Níbo la ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ ka oríta, ẹ ò ka ìrìn àjò. Ẹni tó gbéra ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Alágbàká, á gba Ọyẹ́mẹkùn, á tún kọjá níwájú Ọjà Ọba. Ẹni kan náà lẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá sì ti wọn ìfúnpá rẹ̀ ní Ọyẹ́mẹkùn, kí ló tún fẹ́ wá ṣe ní tábìlì kejì?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní èèyàn 500 gba Ọyẹ́mẹkùn àti Ọjà Ọba, 100 gba Ọyẹ́mẹkùn nìkan, 150 gba Ọjà Ọba nìkan, 300 sì gba Ìjọ̀ka nìkan. Gbogbo wọn jẹ́ 1,050. Ní oríta, Ọyẹ́mẹkùn á ní 600, Ọjà Ọba á ní 650. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 1,250, ó ti ju gbogbo àwọn tó rìn lọ! Ibi tẹ́ ẹ ti máa dá àṣìṣe yìí mọ̀ nìyẹn. Èèyàn 750 péré ni tábìlì méjèèjì máa rí. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá wà ní Ọjà Ọba, tí ìkejì lọ sí Ìjọ̀ka, 950 ni. Lọ́dún 1990, John Hodgson, onímọ̀ jọ́gíráfì ní Kánádà, gbé àwòṣe kan, ìyẹn ìlànà ìṣirò, jáde tó ń ka ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun lẹ nílò.

Ìbéèrè: Ṣé a tún máa padà lọ dúró sójú títì ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bínú. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ béèrè ibi tónítọ̀hún ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ, àti ọ̀nà tó gbà. Ẹ kọ ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi 1 sábẹ́ oríta tó bá gbà. Lẹ́yìn náà, kí kọ̀ǹpútà dán gbogbo ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà yan ibi méjì wò. Kódà ká ní ibi 20 ló wà, tẹ́ ẹ fẹ́ mú 3, ọ̀nà 1,140 péré ni. Kíá ló máa parí ẹ̀.

Ìbéèrè: Àwòṣe tó ń wo bí ilé ṣe jìnnà sí ibùdó ìlera, ṣé ká jù ú nù?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n láti ilé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀nà tó jìn sílé ló ń pa á lára. Ti àwọn tó ń yà bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ ló yàtọ̀.

Ìbéèrè: A gbé tábìlì sí Ọjà Ọba láàárọ̀ àná láti fi dán an wò, àwọn èèyàn kàn ń kọjá ni.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ wà? Ọ̀nà Ọba Adésidà, tó gba iwájú Ọjà Ọba, pín sí méjì láàárín. Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ kò ní sọdá nítorí yín. Ẹ ka àlọ lọ́tọ̀, ẹ ka àbọ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ márúwá kò sì lè ní kí wọ́n dúró lójijì, nítorí náà ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń já èrò ni kẹ́ ẹ gbé tábìlì sí. Ẹ tún un kà nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA bá wà ní ìsinmi, kẹ́ ẹ tó kan tábìlì mọ́lẹ̀.