Àwọn Àṣìṣe Tí Ń Pa Anẹ́mónì Òkun Tí Àwọ̀ Rẹ̀ Ti Ṣá

Ó ti sú mi láti máa wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń ná owó gọbọi lórí anẹ́mónì òkun (ẹran omi tí ó rí bí òdòdó, tí ọwọ́ púpọ̀ yí ẹnu rẹ̀ ká) tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn pa á láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ẹ̀dá náà. Àṣejù ìtọ́jú ni ó ń pa á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú táńkì omi iyọ̀ nílé ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti gba ọ̀pọ̀ anẹ́mónì funfun lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú. Púpọ̀ nínú wọn ni ó padà bọ̀ sípò, ohun tí mo sì ṣe fún wọn kò le: omi tí kì í yí padà lójijì, iná tí a ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ wẹ́wẹ́, àti sùúrù. N kò ní ṣàlàyé níbí bí a ṣe ń dá táńkì sílẹ̀. Bí táńkì yín kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, tàbí tí ẹ ṣì ń rí amóníà (májèlé tí ń wá láti ara ìgbẹ́ ẹja àti ohun tí ó ń rà) nínú omi rẹ̀, ẹ má tíì ra anẹ́mónì kankan, ìbáà jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ le koko.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó sọnù lára rẹ̀. Àwọn anẹ́mónì tí ẹja clownfish máa ń fi ṣe ilé, irú bíi Entacmaea quadricolor tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní bubble tip, ní àwọn ewéko tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí nínú ẹran ara wọn. Zooxanthellae ni orúkọ àwọn ewéko náà. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣúgà, wọ́n sì ń fún anẹ́mónì ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn náà ni ó fún un ní àwọ̀ búráùn tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Bí omi bá gbóná jù, tàbí tí ó bá pẹ́ nínú òkùnkùn àpò tí wọ́n fi kó o wọlé láti ọ̀nà jíjìn, tàbí tí iná bá le jù lára rẹ̀, yóò tú àwọn ewéko náà jáde. Ẹran ara funfun tàbí èyí tí ó mọ́ gaara ni yóò kù. Kò tíì kú, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá ti gbẹ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń kéré sí i.

Àṣìṣe kìn-ín-ní ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ènìyàn yóò rí Heteractis crispa, irú anẹ́mónì mìíràn, tí ó funfun báláú, tí orí ọwọ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, ẹni tí ń tà á yóò sì ní bí wọ́n ṣe ń rí nìyẹn. Irọ́ ni. Èyí tí ara rẹ̀ dá máa ń jẹ́ búráùn tàbí àwọ̀ eérú, kì í funfun. Èyí tí wọ́n rẹ láró tún burú ju ìyẹn lọ: bí ẹ bá rí anẹ́mónì tí ó jẹ́ yẹ́lò tàbí búlúù tí ó ń kọ yẹ̀rì láti ìdí dé orí ọwọ́, ẹ fura gidigidi, nítorí èyí tí ó ti ṣá ni wọ́n sábà máa ń rẹ bẹ́ẹ̀ kí ó lè tà. Iná búlúù tí wọ́n máa ń tàn sórí àwọn táńkì ṣọ́ọ̀bù náà ń bo àṣírí, nítorí pé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ pupa tí ó jẹ́ ti anẹ́mónì fúnra rẹ̀ ṣì ń tàn lábẹ́ iná bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ewéko inú rẹ̀ ti lọ. Ẹ ní kí wọ́n tan iná funfun kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ya, kí ẹ sì wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó là sílẹ̀ gbàgà. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, iye yòówù kí wọ́n dín lára owó rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni iná. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ìmọ́lẹ̀ ni ewéko fi ń ṣe oúnjẹ yóò sáré lọ tan iná rẹ̀ dé góńgó. Àwọn ewéko díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù kò lè lo gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn. Èyí tí ó bá pọ̀ jù yóò di májèlé inú ẹran ara, anẹ́mónì yóò sì tún tú àwọn tí ó kù náà dànù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí PAR (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè lò) 80 sí 100, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, títí yóò fi tó 150 sí 200 fún bubble tip. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Ẹ̀rọ tí ń wọn PAR wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ṣọ́ọ̀bù kan máa ń yá a fún oníbàárà wọn, ẹ béèrè.

Àṣìṣe kẹta ni oúnjẹ, èyí sì ni ó ń dùn mí jù. Àbúrò kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ra bubble tip tí ó ti ṣá, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Ìdí rẹ̀ dì mọ́ òkúta dáadáa, ẹnu rẹ̀ pa dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Mo sọ fún un pé èyí yóò yè. Nígbà tí mo tún fi máa padà dé ibẹ̀, ó ti ń ki odindi edé bọ̀ ọ́ lẹ́nu ní àràárọ̀. Anẹ́mónì á gbé e mì, á pọ̀ ọ́ jáde ní òru pẹ̀lú omi búráùn tí ń yọ̀, àbúrò mi á sì tún fún un ní òmíràn nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, “Ẹ̀gbọ́n, ebi ń pa á, ẹ wò ó bí ó ti rù.” Ó wá parí rẹ̀ pẹ̀lú odindi ẹja kékeré kan láti inú fìrísà. Anẹ́mónì náà yọ́ ní òru ọjọ́ náà, amóníà tí ó tú jáde sì pa àwọn ẹja clownfish rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn. Inú mi bàjẹ́ gan-an, nítorí kò sí ohun tí ó ń ṣe anẹ́mónì yẹn tí a kò lè wò sàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ihò kan ṣoṣo ni anẹ́mónì ní: ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ìgbẹ́ ń gbà jáde. Ẹran tí kò bá lè dà kò ní ibòmíràn tí yóò gbà lọ, inú rẹ̀ ni yóò ti rà. Dídà oúnjẹ pàápàá ń gba agbára, agbára ni kò sì sí lára ẹ̀dá tí ó ti ń jẹ ara rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ẹ̀kọ míìmu ni a ń gbé fún un, a kì í gbé iyán síwájú rẹ̀. Ẹ mú edé òkun tútù tí kò ní iyọ̀ tàbí èròjà kankan, tàbí mysis (ẹ̀dá kékeré tí ó jọ edé) inú fìrísà, ẹ yọ́ ọ nínú omi táńkì, kí ẹ sì gé e wẹ́wẹ́ tí ẹyọ kan kò fi ní tóbi ju ìdajì hóró ẹ̀wà lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Ẹ pa páǹpù, ẹ rọra jù ú sí orí ọwọ́ rẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun la ẹnu rẹ̀. Bí ọwọ́ kò bá dì í mú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kó o kúrò, ó di ọjọ́ mìíràn. Ẹ má sì bù lára edé gbígbẹ tí ẹ rà fún ọbẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Adìyẹ àti ẹran màlúù kò wúlò fún un rárá.

Bí ẹ bá rò pé ebi yóò pa á kú bí ẹ kò bá yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Moorea ní Polynesia ilẹ̀ Faransé ní 2016. Omi òkun gbóná kọjá ààlà, ọ̀pọ̀ anẹ́mónì tí clownfish ń gbé inú wọn sì ṣá. Ó ni àwọn ẹja náà lára débi pé ẹyin tí wọ́n ń yé dín kù gan-an. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí omi tutù, àwọn anẹ́mónì náà gba àwọ̀ wọn padà. Kò sí ẹni tí ó ki edé bọ̀ wọ́n lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ omi tí wọ́n fọ̀ mọ́ jù náà wà nílẹ̀. Àwọn kan á fi oògùn àti ẹ̀rọ fa gbogbo náítíréètì àti fọ́sífétì jáde títí yóò fi di òdo, wọ́n á sì máa yangàn pé omi àwọn mọ́. Àwọn ewéko tí a ń retí pé kí ó tún hù nínú anẹ́mónì nílò méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí náítíréètì wà ní nǹkan bí 5 sí 10 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan), kí fọ́sífétì má sì tán pátápátá.

Ẹ má gbé e kiri. Bí ibi tí ẹ fi í sí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò rìn fúnra rẹ̀. Bubble tip ń fẹ́ pàlàpálá òkúta tí yóò ki ìdí bọ̀, crispa ń fẹ́ iyanrìn tí ó jìn. Ẹni tí ó bá fà á tu lórí òkúta ti ya ìdí rẹ̀ nìyẹn, ohun tí a bá sì fi agbára mú ní í ni ni lára. Ẹ fi fóòmù tàbí àwọ̀n bo ẹnu gbogbo páǹpù kí ó tó wọlé, nítorí tí ó bá rìn dé ibẹ̀, gígé ni yóò gé e.

Kí ó rọ fún wákàtí díẹ̀ kì í ṣe ikú. Ó ń tú omi àti ìgbẹ́ dànù ni.

Ooru. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2022, ooru dé ìwọ̀n 40.3 Celsius ní Coningsby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé wa níbí ni kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gba ìpè jù nípa anẹ́mónì tí ó ṣá. Àwọn kan ti da yìnyín sínú táńkì tààrà, ìwọ̀n iyọ̀ já, ooru náà já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ìgbóná ìbá fi sílẹ̀ ni ìyípadà òjijì pa. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ kọ fáànù sí ojú omi. Omi yóò máa gbẹ; omi RO, ìyẹn omi tí a fi ẹ̀rọ sẹ́ mọ́ tí kò ní iyọ̀, ni kí ẹ fi dí i, nítorí pé iyọ̀ kì í bá omi gbẹ lọ. Ìwọ̀n 25 sí 26 Celsius àti iyọ̀ 1.025 sí 1.026 lórí ẹ̀rọ tí ń wọn bí omi iyọ̀ ṣe wúwo tó ni kí ẹ dúró lé.

Oògùn tí ó ní bàbà yóò pa á. Ní ti cipro (ciprofloxacin), oògùn apakòkòrò tí ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lára láti rà ní kẹ́míìsì nílé, kòkòrò bakitéríà ni ó wà fún, pàápàá lára magnifica àti gigantea, irú anẹ́mónì méjì mìíràn, tí ó dé pẹ̀lú ẹnu tí ó là sílẹ̀, inú táńkì ọ̀tọ̀ sì ni a ti ń lò ó. Kò lè dá ewéko kan ṣoṣo padà. Bí ẹ bá dà á sínú táńkì ńlá, àwọn bakitéríà tí ń fọ omi yín mọ́ náà yóò fara gbá a. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í tà á láìsí ìwé dókítà.

Àkókò ni ó ṣòro jù fún àwọn ènìyàn láti fún un. Anẹ́mónì tí Sir John Dalyell, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, mú ní etíkun North Berwick ní Scotland ní 1828 gbé ilé títí di 1887. Irú tirẹ̀ kò ní ewéko nínú, ṣùgbọ́n ẹ fi iye ọdún yẹn wo oṣù mẹ́ta tí ẹ ní ó ti pẹ́ jù. Ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lábẹ́ iná funfun, nítorí ojú tí ń wo nǹkan lójoojúmọ́ kì í rí ìyípadà díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ óò kọ́kọ́ rí, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa di oúnjẹ mú ṣinṣin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń yọ́ ni, tí ẹran ara rẹ̀ ń já sínú omi, tí ó sì ń rùn nígbà tí ẹ bá gbé e jáde, ó ti kú: ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ pààrọ̀ omi, ẹ sì fi kábónù sínú fílítà.

Ẹ má tíì fi clownfish sí i. Òótọ́ ni pé amóníà tí ń jáde lára ẹja náà ń bọ́ àwọn ewéko inú anẹ́mónì, ṣùgbọ́n yóò máa fi ara gbo ó, yóò máa jí oúnjẹ ẹnu rẹ̀, èyí tí kò lágbára kò sì lè fara dà á. Ẹ dúró títí yóò fi jẹ́ búráùn pátápátá, tí ó sì ti ń jẹun dáadáa fún bí oṣù kan. Bí ẹja bá wọ inú rẹ̀ tí anẹ́mónì sì pa ara dé tí kò ṣí mọ́ ní ọjọ́ kejì, ẹ fi àpótí aláàwọ̀n ya wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó tún gbìyànjú.