Jíìpù epo tàbí jíìpù oníná? Ohun tí Antí kan ní Ìkẹ́rẹ́ bi mí

Rewáyà ọkọ̀ ni mí, Adó-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Oníbàárà mi kan, olùkọ́ tó ń gbé Ìkẹ́rẹ́ tó sì ń wá ṣiṣẹ́ ní Adó, fẹ́ ra jíìpù kékeré. Ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ fi méjì hàn án, Amẹ́ríkà ni méjèèjì ti wá: Toyota RAV4 ọdún 2015 tó ń lo epo, àti Hyundai Kona ọdún 2019 tó jẹ́ oníná pátápátá. Owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ọkùnrin tó ń tà á ní kí Antí gbé oníná lọ sílé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kí wọ́n dán an wò di ọjọ́ Ajé. Àárọ̀ Sátidé ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ìbéèrè: Àbúrò, ọkọ̀ yìí kò gba iná o. Láti alẹ́ àná ni mo ti ki ṣájà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná pupa ló kàn ń ṣẹ́jú. Àbí wọ́n ti gbé òkú ọkọ̀ fún mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú àárọ̀ mà. Ilé yín ló ń ṣe é, kì í ṣe ọkọ̀. Ṣájà ọkọ̀ kò dà bíi ti fóònù. Kó tó jẹ́ kí iná kọjá, á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wáyà earth, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ inú ilẹ̀, wà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá rí i, á tan pupa, kò sì ní ṣe nǹkan kan mọ́.

Mo lọ wò ó. Mo ki mítà mi bọ ihò méjì ìsàlẹ̀, ó ka 214 fóltì, ó dára. Mo fi ẹnu mítà kan sí ihò iná, èkejì sí ihò òkè, ó ka 38. Ó yẹ kí òun náà sún mọ́ 214. Nígbà tí mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti gé e kúrú, wọ́n ká a sẹ́yìn bí ìrù ajá. Ẹni tó ṣe wáyà ilé yín gba owó earth, kò ri irin kankan mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló rí bẹ́ẹ̀, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ni kì í bèèrè.

Ìbéèrè: Elẹ́kítíríìkì àdúgbò wa ní ká kàn so earth yẹn mọ́ neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, pé á gbà lójú ẹsẹ̀.

Ìdáhùn: Á gbà. Ọjọ́ tí neutral bá já lórí òpó, gbogbo ara ọkọ̀ á gbé iná, ẹni tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú òjò ló máa mọ̀. Ẹ má jẹ́ kó dán an wò.

Irin bàbà tó gùn tó ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ká rì mọ́lẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìlú Olósùnta àti Òrólé ni Ìkẹ́rẹ́, àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi púpọ̀. Bí irin bá dúró ní ẹsẹ̀ méjì, àwọn mìíràn á gé èyí tó kù, wọ́n á bò ó, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Ẹ dúró tì wọ́n. Ibi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù ló dára jù, bí ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀. Ká gbẹ́ ihò, ká da èédú àti iyọ̀ yí irin ká, ká máa bu omi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìbéèrè: Mo rí ṣájà dúdú mìíràn nínú bùútù. Ṣé kí n lo ìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Mo ti ka ẹ̀yìn rẹ̀, 120 fóltì ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná Amẹ́ríkà nìyẹn. Tiwa ju 200 lọ, á jó. Nígbà tí a bá ti wà lórí èyí: ẹnu tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà fi ń gba iná yàtọ̀ sí ti Yúróòpù, ti Ṣáínà sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹ rí i pé ṣájà 240 tí ọkùnrin náà fún yín bá ọkọ̀ wá, ẹ má jẹ́ kó yọ ọ́ sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó.

Ìbéèrè: Èwo ló ń dín owó kù? Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ mọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ni mo ti ń sá fún ilé epo.

Ìdáhùn: Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 nìyẹn mà, gbogbo wa la jọ ń sá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀nà tiyín. Ẹ ní ìrìn àjò yín lójúmọ́ tó 40 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú ọjà. RAV4 yẹn máa ń mu bíi lítà 10 fún 100 kìlómítà lójú ọ̀nà wa yìí, ẹ ṣírò rẹ̀ sí lítà 4 lójúmọ́. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ₦3,600 nìyẹn. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín rọ́pò. Kona máa ń jẹ bíi yúnìítì 18 fún 100 kìlómítà, ìyẹn yúnìítì 7 àti díẹ̀ lójúmọ́. ₦225 ni yúnìítì Band A, ti àwọn tó ń rí iná ogún wákàtí lójúmọ́, nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ká tiẹ̀ fi iye yẹn ṣe é, kò pé ₦1,700.

Ìbéèrè: Band A kẹ̀? Tiwa kì í tó wákàtí mẹ́jọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìṣirò. Ẹ kò nílò iná ogún wákàtí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, bí a bá fi ṣájà sí áńpì 10, ń gbé bíi yúnìítì méjì lé díẹ̀ wọlé ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́rin ti tó dá gbogbo ohun tí ẹ lò lọ́jọ́ yẹn padà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni agbára iná yẹn. Mo fi mítà kékeré kan sílẹ̀ fún ọmọ yín ọkùnrin. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lọ aṣọ, ó ní 168 fóltì ló kà. Ní aago mẹ́rin ìdájí, 221. Bí iná bá rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣájà lè máa dá dúró kó tún máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa gba iná lóru. Ẹ má sì fi extension ṣe é láéláé, á yọ́ mọ́ ilẹ̀. Ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kí wáyà rẹ̀ ti ibi fíúsì wá tààrà.

Ìbéèrè: Bí kò bá wá sí iná NEPA rárá ńkọ́? A ní jẹnẹrétọ̀.

Ìdáhùn: Èyí tó wà ní ìta yẹn, tí wọ́n ń pè ní I pass my neighbour? Kò lè gbé e rárá. Ká ní ẹ tilẹ̀ ra ńlá, ẹ wò ó: jẹnẹrétọ̀ epo máa ń fún wa ní bíi yúnìítì méjì láti inú lítà kan, bó bá ṣe dáadáa. Yúnìítì 18 á jẹ lítà 9. Lítà 10 ni RAV4 ń mu fún ọ̀nà kan náà. Ọkọ̀ epo lẹ ń wà nígbà yẹn, ariwo rẹ̀ ló kàn wà lẹ́yìnkùlé. Sólà lè ṣe é, pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì mẹ́wàá lè dá ohun tí ẹ ń lò padà dáadáa, àmọ́ ọ̀sán ni oòrùn ń ràn, Adó sì lọkọ̀ yín máa ń wà lọ́sàn-án. Opin ọ̀sẹ̀ nìkan ló máa wúlò fún.

Ìbéèrè: Bátìrì rẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ 2019, ṣé kò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Mo ní kí ẹ wò iye tó kù kí ẹ tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Adó lọ́jọ́ Àìkú. 61 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ pè fún mi nígbà tí ẹ jáde, 49 nígbà tí ẹ padà dé, AC sì wà ní títàn. Ìpín 12 fún 40 kìlómítà, nínú bátìrì tó ń gba yúnìítì 64 (64 kWh): kò burú rárá. Ká ní ó jẹ 20 ni, ǹ bá ní kí ẹ dá a padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò lè fojú wò. Láàárín ọdún 2020 sí 2021, Hyundai pe irú Kona yìí padà nítorí àléébù bátìrì tó lè mú kí ó gbiná. Bíi 82,000 ọkọ̀ ni lágbàáyé, Kona àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ń lo irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN), tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 17, tó wà níwájú gíláàsì, ẹ fi í sórí ojú ìwé NHTSA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, á sọ fún yín bóyá iṣẹ́ àtúnṣe náà ṣì wà nílẹ̀. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ẹ gbàgbé rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bá yín ṣe é ní Èkìtì.

Ìbéèrè: Mo máa ń lọ wo màmá wa ní Ìbàdàn lóṣooṣù.

Ìdáhùn: Ó lé ní 200 kìlómítà ní àlọ nìkan. 415 kìlómítà ni wọ́n kọ fún Kona nígbà tó wà ní tuntun. Ẹ máa dé ọ̀hún, ó tiẹ̀ máa dùn mọ́ yín bí ẹ bá gba òkè Ẹ̀fọ̀n, torí bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, mọ́tò á máa dá iná padà sínú bátìrì, èyí tí RAV4 kàn ń sọ di ooru lójú bréèkì. Àbọ̀ ni ìṣòro. Sùn-ùn-mọ́jú kan lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé màmá, bí iná bá wà, bíi 120 kìlómítà ló máa fi kún èyí tó kù. Bí iná bá lọ lóru, ẹ lè sun oorun méjì. Camry Bàbá Tóyìn tó wà nílé yín, tó ń lo epo, ni kẹ́ ẹ máa gbé lọ. Bí kì í bá ṣe Camry yẹn ni, RAV4 ni ǹ bá ní kí ẹ rà láìjanpata.

Ìbéèrè: Bí mo bá padà ra RAV4 ńkọ́?

Ìdáhùn: Mẹkáníìkì rẹ̀ pọ̀ láti Adó dé Ọ̀mùò. Ẹ má kàn jẹ́ kí epo rẹ̀ máa wọ ìsàlẹ̀ táńkì, epo ló ń tu pọ́ǹpù inú rẹ̀ lára.

Ìbéèrè: Kí wá ni kí n ṣe lọ́la?

Ìdáhùn: Ẹ dá ọkọ̀ padà fún un, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà 17 yẹn ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó gbé e lọ. Bó bá mọ́, mò ń bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú irin àti èédú. Kí Tóyìn bu omi sí ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ lálẹ́ Jímọ́ọ̀, kí ilẹ̀ ti rọ̀ kí n tó dé.