Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo eré ìje ọkọ̀ ní Silverstone

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo rí i pé àwọn kan nínú wa fẹ́ lọ kí ọmọ nílùú ọba ní oṣù Keje, àwọn ọ̀dọ́ ilé sì ti ń pariwo Formula 1, eré ìje ọkọ̀ tí wọ́n ń sá ní pápá Silverstone níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ń fi fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fọ́tò kan ṣoṣo, wọ́n lè tà á fún èèyàn mẹ́wàá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu géètì ló máa wọlé, àwọn mẹ́sàn-án yòókù á máa wo ògiri. Ọwọ́ àwọn tó ni pápá ni kẹ́ ẹ ti rà á, tàbí ibi tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí fún àtúntà.

Bówó ò bá tó, ẹ lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìdánrawò ló sábà máa ń wà lọ́jọ́ náà, kì í wọ́n tó ọjọ́ Àìkú tí ìje gan-an ń wáyé. Ọkọ̀ kan náà, ariwo kan náà (èmi ò tiẹ̀ mọ ìyàtọ̀ ẹ̀!). Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní àga dà bí ìdúró ìta gbangba ní Ojúde Ọba: ẹni tó bá tètè jí ló ń rí ẹṣin. Ẹ mú ìdíhò etí dání fáwọn ọmọdé, àti aṣọ òjò.