Ìkarahun ń já bọ́, igi ń yọ funfun: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọnà etíkun fún ara ògiri

Láti Tarkwa Bay títí dé Badagry, ohun tí èèyàn lè fi ṣe ọnà sára ògiri pọ̀ létí omi: ìkarahun, igi tí ìgbì tì jáde, àwọ̀n tó ti ya, sílípáàsì tí òkun gbé wá. Kíkó wọn kò le. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù ni pé a kì í fọ iyọ̀ ara wọn tán ká tó mú gọ́ọ̀mù.

Mo lẹ ìkarahun mọ́ pátákó, ó sì dúró dáadáa, àmọ́ kò pẹ́ tó fi ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé gọ́ọ̀mù mi ni kò dáa?

Ẹ mú èyí tó já bọ́ náà, kí ẹ yí i wò. Bí gọ́ọ̀mù bá kù sára pátákó, tí ẹ̀yìn ìkarahun mọ́ tónítóní, ìkarahun ni kò gbà á: iyọ̀, ọ̀rá tàbí dídán ara rẹ̀ ló fà á. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi sáńpépà ha etí tó máa kan igi. Bó bá jẹ́ pé gọ́ọ̀mù bá ìkarahun lọ, tó sì bó ọ̀dà ara pátákó dání, pátákó lẹ máa tún ṣe. Ẹ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò títí igi á fi hàn.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ irú gọ́ọ̀mù tó kàn. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò dára bí igi bá pàdé igi, torí igi máa ń fa omi inú rẹ̀ mu kó tó le. Lára ìkarahun tó ń dán, kò rí ibi wọ̀, bí ọ̀rinrin bá sì dé, ó lè rọ̀. Èyí tí wọ́n ń yọ́ jáde látinú ìbọn oníná yá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n má fi sára ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń lù. Epoxy onítúùbù méjì, tí a máa ń pò pọ̀ ká tó lò ó, lèmi fọwọ́ sí. Ẹ rántí pé ìkarahun tó tẹ̀ kòtò, etí rẹ̀ tín-ín-rín nìkan ló ń kan igi. Ẹ po epoxy náà mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó, ẹ fi dí kòtò yẹn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ti sílípáàsì yàtọ̀. Gọ́ọ̀mù àwọn tó ń ṣe bàtà ni kí ẹ rà. Ẹ fi kun ojú méjèèjì, ẹ dúró kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Bí ọ̀dà dúdú tó ń léfòó lójú òkun bá lẹ̀ mọ́ ọn, òróró ìsebẹ̀ á yọ ọ́. Kí ẹ wá fi ọṣẹ yọ òróró náà.

Igi tí mo gbé láti etíkun ń yọ funfun lára. Mo nù ún, ó tún padà.

Iyọ̀ ni, pàápàá bó bá jẹ́ pé aṣọ tútù ń nù ún lọ, tó tún yọ nígbà tí igi gbẹ. (Bó bá rí bí òwú, tó sì ń rùn, igi ti bu nìyẹn, ẹ sá a sóòrùn, ẹ gbọ̀n ọ́n níta.) Iyọ̀ òkun máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra nígbà òjò. Bí ọyẹ́ bá dé, omi á gbẹ, iyọ̀ á jáde sójú igi. Ìdí nìyẹn tí ọnà tó dáa lóṣù kẹjọ fi ń di funfun lóṣù Kejìlá.

Ẹ ri igi náà sínú bàsíà omi tí kò níyọ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Láti mọ̀ bóyá iyọ̀ ti tán, ẹ kán omi inú bàsíà sórí dígí dúdú, ẹ kán omi tí igi kò tíì wọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí méjèèjì gbẹ. Bí àmì tí wọ́n fi sílẹ̀ bá jọra, ó ti tó. Igi tó nípọn lè gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ má kánjú kun fáníìṣì, nítorí iyọ̀ tó bá há sábẹ́ rẹ̀ ló ń ta á sókè, àfi kí ẹ ha gbogbo rẹ̀ dànù.

Ìyẹ̀ ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ọnà mi.

Kòkòrò ń jẹ igi náà, bí wọ́n ṣe ń jẹ igi ìrosùn tí a fi ń rí ìyẹ̀ròsùn. Ẹ tètè gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga àti ilẹ̀kùn. Ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ fi sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, bí iná yín bá ń dúró. Ẹni tó ń lo pálẹ́ẹ̀tì (pákó tí wọ́n kàn pọ̀ láti máa to ẹrù lé) tó wá láti èbúté, kó wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀: HT ni pé wọ́n ti mú inú igi náà gbóná dé 56°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tó bá ní MB, gáàsì methyl bromide ni wọ́n fi pa kòkòrò rẹ̀. Ẹ má gbé e wọ yàrá.

Ìkarahun mi ń rùn. Ṣé kí n fi fínígà fọ̀ ọ́?

Rárá o! Fínígà ń jẹ ìkarahun run, ó sì ń pa dídán rẹ̀. Ẹran ló ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi wáyà yọ èérún inú rẹ̀, kí ẹ wá rì í sínú omi tí ẹ bu Jik díẹ̀ sí. Jik àti fínígà kò gbọ́dọ̀ pàdé láéláé: gáàsì olóró ló ń jáde. Èyí tí ẹ̀dá inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, ẹ dá a padà sómi, kò tọ́ ká pa á nítorí ẹ̀ṣọ́. Ní ti owó ẹyọ, ẹ má bọ̀ ọ́, ẹ má fi Jik kàn án. Aṣọ tútù ti tó. (Ẹ má wá a kiri létíkun Èkó pẹ̀lú. Láti erékùṣù Maldives ni wọ́n ti kó púpọ̀ rẹ̀ wá nígbà tó jẹ́ owó. Ọjà lẹ ti máa rí i.)

Ó wúwo, ó já lára ògiri bíríkì.

Ìṣó lásán máa ń tú nínú símẹ́ǹtì. Ẹ fi dírílù lu ihò méjì tó jìnnà síra, ẹ ki ike síkúrù bọ̀ ọ́, kí ẹ lo síkúrù onírin tí kì í dípẹtà. Wáyà ìfikọ́ náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ irin lásán, nítorí atẹ́gùn òkun á jẹ ẹ́.