Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kọ́ọ̀sì ààbò dátábéèsì àti áàpù: ohun tí ẹ kọ sínú ìdánwò, ẹ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín

Lọ́jọ́ Sátidé kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó wà ní ọdún kẹrin gbé lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti parí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, áàpù tí wọ́n á fi máa pín yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kó lọ ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Áàpù náà dùn ún wò. Mo ní kó jẹ́ kí n wọlé. Níbi tó yẹ kí n kọ orúkọ sí, mo tẹ ' OR 1=1 -- mo fi àlàfo kan tì í lẹ́yìn, mo sì tẹ bọ́tìnì. Ojú ewé ọ̀gá pátápátá ló ṣí sílẹ̀. N ò mọ orúkọ ẹnì kankan níbẹ̀, n ò sì mọ páswọ́ọ̀dù ẹnì kankan.

"Ẹ̀gbọ́n, A ni mo gbà nínú kọ́ọ̀sì yẹn o." Omi ti ń lé sí i lójú.

Mo gbà á gbọ́. Bí ẹ bá bi í pé kí ni SQL injection, ìyẹn kí èèyàn fi ohun tó tẹ̀ sínú áàpù yí àṣẹ tí áàpù ń fún dátábéèsì (ibi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà) padà, yóò kà á fún yín láìkọsẹ̀. Yunifásítì kò wọ́n wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè, ẹ gba Ìjagun, kí ẹ tó dé Ìlíṣàn. Àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà lágbègbè yìí ń pọ̀ sí i, inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó bí gbogbo èyí tó kù ni pé wọ́n ń há kọ́ọ̀sì ààbò sórí bíi ìtàn, wọ́n sì ń kọ áàpù bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ìtàn náà rí.

Ẹ má so ohun tí èèyàn tẹ̀ mọ́ àṣẹ tí ẹ ń fún dátábéèsì. Ohun tó wà nínú kóòdù ọmọ yẹn nìyí:

$sql = "SELECT * FROM omo WHERE oruko='$oruko' AND pwd='$pwd'";

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́jà. Ẹ kọ ìwé sí ìyá onígàrí pé, "Ẹ fún ọmọ yìí ní kóńgò gàrí ......", ẹ wá fi àlàfo sílẹ̀ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ iye tó fẹ́ sí i. Ọmọ náà kọ ọ́ báyìí: "méjì, kí ẹ sì kó gbogbo owó tó wà nínú àpò yín fún un." Ìyá onígàrí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín parí sí àti ibi tí ti ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dátábéèsì ṣe ń ka àṣẹ. Àmì ' tí mo tẹ̀ ló pa àlàfo náà dé, OR 1=1 ní kó mú gbogbo ènìyàn wá, dáàṣì méjì sì ní kó má ka ìyókù mọ́, títí kan ibi tó ti yẹ kó béèrè páswọ́ọ̀dù.

Prepared statement ni oògùn rẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ fi àṣẹ náà ránṣẹ́, àmì ìbéèrè ni yóò wà níbi àlàfo. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ohun tí èèyàn tẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ìyá onígàrí ti ka ìwé tán, ó ti mọ̀ pé iye kóńgò nìkan ló kù. Bí ọmọ kọ odidi lẹ́tà síbẹ̀, iye tí kò nítumọ̀ ni yóò jẹ́ lójú rẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn ti fi JavaScript dí àmì ' lójú ewé. Ẹni tó fẹ́ jalè kò ní gba ojú ewé yín kọjá rárá, tààrà ló máa kọ̀wé sí sẹ́fà, kọ̀ǹpútà tí áàpù àti dátábéèsì ń gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1998 ni wọ́n ti ń kọ nípa rẹ̀ ní gbangba. Síbẹ̀ ní 2015, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọ TalkTalk, ilé iṣẹ́ fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì ní ìlú Ọba, wọ́n kó àkọsílẹ̀ oníbàárà bíi 157,000, ìjọba sì bu owó ìtanràn £400,000 lé ilé iṣẹ́ náà lórí lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Páswọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ má tọ́jú rẹ̀ bó ṣe rí. Ní 2009, wọ́n fi SQL injection wọ ilé iṣẹ́ RockYou, páswọ́ọ̀dù tó lé ní mílíọ̀nù 32 ló jáde síta ní kedere, torí kò sí ẹni tó bò wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ èyí, wọ́n wá sá lọ sọ́dọ̀ MD5, ọ̀nà àtijọ́ kan láti sọ páswọ́ọ̀dù di àmì tí kò ṣeé kà. MD5 yára jù. Kọ̀ǹpútà tó lágbára lè fi dán ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọ̀rọ̀ wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ohun tó lọ́ra la fẹ́ níbí yìí: bcrypt tó ti wà láti 1999, tàbí Argon2 tó gbégbá orókè ní 2015 nínú ìdíje ọ̀nà àtibo páswọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ PHP lẹ ń kọ, password_hash() wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlà kan péré ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni nọ́ńbà tó máa ń wà lókè ojú ewé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe áàpù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lágbègbè wa, àwọn ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Bí ìyá kan bá wọlé tó fẹ́ wo owó rẹ̀, ó máa rí iwe.php?id=57 lókè. Mo yí 57 padà sí 58. Owó ìyá mìíràn ló jáde, gbèsè tó jẹ, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣe onídùúró fún un. Áàpù náà bi mí léèrè ẹni tí mo jẹ́ nígbà tí mo ń wọlé, kò tún bi mí bóyá tèmi ni ohun tí mo fẹ́ wò. Nínú àkójọ ewu mẹ́wàá tí OWASP, àjọ tó ń rí sí ààbò áàpù, gbé jáde ní 2021, irú àṣìṣe yìí ló wà nípò kìíní, injection sì wà nípò kẹta. Síbẹ̀ injection nìkan ni àwọn ọmọ wa ń fọkàn sí, torí òun ló dùn ún fi han ọ̀rẹ́. Gbogbo ìgbà tí áàpù bá fẹ́ mú àkọsílẹ̀ kan jáde, orí sẹ́fà ni kó ti béèrè pé ta ló ni ín. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kò sì fi eré ṣe: bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá tú síta tó sì lè ṣàkóbá fún ẹni tó ni ín, wákàtí 72 ni ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó ààbò dátà létí.

XAMPP, àkójọ irinṣẹ́ tí gbogbo wa fi kọ́ iṣẹ́ lórí lápútọ́ọ̀pù, máa ń fi root, orúkọ ọ̀gá dátábéèsì tó lè ṣe ohun gbogbo, sílẹ̀ láìsí páswọ́ọ̀dù. Ẹ má gbé e lọ sórí sẹ́fà bẹ́ẹ̀. Ẹ dá orúkọ mìíràn sílẹ̀ fún áàpù, kó lè kà, kó lè kọ, kó má lè pa odidi tábìlì àkọsílẹ̀ rẹ́. Ẹ má sì gbé fáìlì tí páswọ́ọ̀dù dátábéèsì wà nínú rẹ̀ lọ sórí GitHub, ibi tí a ń kó kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá tiẹ̀ pa á rẹ́ lọ́la, ó ṣì wà nínú ìtàn iṣẹ́ náà. Páswọ́ọ̀dù náà gan-an ni kí ẹ yí padà.

Àmì àgádágodo tó ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì nínú àwọn bráwúsà kan ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ohun tó ń sọ kò ju pé wọn ò lè ka ọ̀rọ̀ yín lójú ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ yín dé sẹ́fà. Ẹni tó gbé owó láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣágámù pẹ̀lú ọlọ́pàá lẹ́yìn, tó wá kó o dà sínú ìsọ̀ tí kò nílẹ̀kùn, ojú ọ̀nà nìkan ló ṣọ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi áàpù ẹlòmíràn kankan dánra wò láìgbàṣẹ, ì báà jẹ́ ti ilé ìwé yín. Òfin wà lórí rẹ̀ láti 2015, "mo kàn ń kẹ́kọ̀ọ́ ni" kò sì ní gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Áàpù ìdánrawò wà: DVWA wà, Juice Shop náà wà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, orí lápútọ́ọ̀pù yín ni wọ́n á ti ṣiṣẹ́, tìtorí ká lè fọ́ wọn ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n.

Èmi àti ọmọ yẹn jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibi mọ́kànlélógún la ti rí i tó so ọ̀rọ̀ mọ́ àṣẹ. Ó fi gbogbo ọjọ́ Àìkú tún wọn kọ, ó ń fi ìkọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp bó bá ti parí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó pè mí. Ó ní olùkọ́ kan bi òun léèrè nípa ààbò, òun sì yí lápútọ́ọ̀pù sí i pé kí wọ́n fúnra wọn tẹ ' OR 1=1 -- wò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Áàpù náà dá wọn lóhùn pé orúkọ tàbí páswọ́ọ̀dù kò tọ̀nà.