Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú gbígba ìwé àṣẹ iṣẹ́ omi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tó ń dá fáìlì iṣẹ́ omi padà jù ni pé èyí tó wà nínú ìwé kò bá èyí tó wà nílẹ̀ mu. Ẹgbẹ́ onílé ní Arówómọlé tàbí Kínnira á dáwó jọ, wọ́n á gbẹ́ kànga dẹ̀rọ, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹnu rẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àṣẹ kiri. Kí ni aṣàyẹ̀wò fẹ́ wò níbẹ̀? Bí késìn, ìyẹn páìpù tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kànga dúró, ṣe jìn tó ti fara pamọ́. Sìmẹ́ńtì tó yẹ kó dí ẹ̀gbẹ́ késìn ní mítà mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ̀gbin orí ilẹ̀ má baà ṣàn wọlé, kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ìgbẹ́ kànga wọ àdúgbò kí àṣẹ tó jáde. Bí iṣẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa bu erùpẹ̀ tó ń jáde sílẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tò ó, kí wọ́n kọ ìjìnlẹ̀ sí i, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀.

Ilẹ̀ ńkọ́? "Bàbá ti fún wa" kì í ṣe ìwé. Bí olórí ẹbí bá dá fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ẹbí láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti fagi lé e. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn olórí ẹbí ni wọ́n ti ṣe é, òfo ni.

Orí àpáta ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Inú àpáta tó ti jẹrà àti ojú ibi tó ti sán ni omi ń gbé. Ìdí nìyẹn tí èsì àyẹ̀wò abẹ́ ilẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì. Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò á yan ojú kan, ẹgbẹ́ á wá sún kànga sí igun ilẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú. Ìwé yẹn ti di ti ibòmíràn nìyẹn. Igun ilẹ̀ náà a sì máa sún mọ́ soakaway, kòtò omi ìgbọ̀nsẹ̀, aládùúgbò. Ẹ fi mítà 30 sáàárín wọn, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n dé inú ọgbà tó múlé ti yín, ẹ̀gbin kò mọ ògiri.

Oníkànga á fi atẹ́gùn fẹ́ omi sókè fún ìgbà díẹ̀, á ní omi pọ̀, wọ́n á kọ iye tó pè sínú fọ́ọ̀mù. Ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò bí omi kànga ṣe pọ̀ tó. Pọ́ǹpù ni kí wọ́n sọ sínú rẹ̀, kó máa fa omi ní ìwọ̀n kan náà fún wákàtí 24, kí wọ́n máa kọ bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, kí wọ́n tún kọ bó ṣe ń gòkè padà. Èyí tí wọ́n bá ṣe nígbà òjò a máa tan ni jẹ.

Omi tí wọ́n ń gbé lọ sí láàbù ló ń kó báni jù. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń bu ú sí, á wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ìlànà omi mímu Nàìjíríà, NIS 554, fẹ́ ni pé kí E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, má sí rárá nínú mílílítà 100, kí irin má kọjá mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan, kí nitrate má kọjá mílígíráàmù 50. Ike tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ láti láàbù ni kí ẹ gbà. Ẹ kọ́kọ́ fa omi tó ti dúró nínú késìn dànù kí ẹ tó bu tiyín, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín, kó dé láàbù láàárín wákàtí mẹ́fà. Ẹlòmíràn a da kòlórììnì sí kànga lónìí, a bu omi rẹ̀ lọ́la. Èsì á dára lóòótọ́, àmọ́ kòlórììnì ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe kànga. Ẹ fà á títí kòlórììnì fi tán pátápátá.

Bí páìpù bá máa kọjá títì, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni títì náà. Ti ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin. Lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ kò lè fún yín láṣẹ láti gbẹ́ ẹ, Federal Ministry of Works ni ẹ máa kọ̀wé sí. Páìpù tó bá máa so mọ́ ti Water Corporation, àwọn ló ń fàṣẹ sí i.

Táǹkì lítà 10,000 tó kún wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì 200. Síbẹ̀ wẹ́dà ni wọ́n ń jẹ́ kó ya àwòrán ìdúró rẹ̀. Òǹtẹ̀ ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, ni town planning máa wá.

Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, EIA, ti 1992, sọ àyẹ̀wò kíkún di dandan fún omi abẹ́ ilẹ̀ tó bá ju mítà kúbíìkì 4,500 lọ lóòjọ́, tàbí adágún tó tó hẹ́kítà 200. Kànga àdúgbò tó ń fún ni ní lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju nǹkan bíi mítà kúbíìkì 86 lọ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fúnra yín pinnu pé kò kàn yín, ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ àyíká kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá kàn yín, ìsọfúnni ìgbà òjò àti ti ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń béèrè, wọ́n á sì tún ṣí ìwé náà sílẹ̀ fún aráàlú ní ọjọ́ iṣẹ́ 21. Ẹ ka gbogbo ìyẹn mọ́ àkókò iṣẹ́ kí ẹ tó bá agbaṣẹ́ṣe fọwọ́ sí àdéhùn.